Àlùfáà Inú Àpótí Ti Lahùn

Haukilahti,
nítòsí Iisalmi,
Ilẹ̀ Finland.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, ọdún 2002.

Irmeli, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ara yín le ní Göteborg níbẹ̀? Ṣé òtútù ò fojú yín rí màbo? Tiwa níhìn-ín, yìnyín ti dé ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n ilé móoru, ara le, inú wa sì dùn. Bó o bá bi mí léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, èsì ọ̀tọ̀ ni ǹ bá fún ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó kọ lẹ́tà gidi.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. Láti oṣù kẹjọ lo ti ń pè wá lórí fóònù, tí mò ń sọ pé bàbá rẹ ń sùn, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, pé ó lọ sétí adágún. Kí ni ọkùnrin tí kò ríran ń lọ wá létí adágún lójoojúmọ́? Irọ́ ni mò ń pa, ọmọ mi. Orí àga tó ń mì nídìí fèrèsé ló wà, kò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: ó ní kí n pe ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n wá mú òun lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mi ò fẹ́ kó o gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù kó o wá máa dá nìkan sunkún nílẹ̀ onílẹ̀. Ewu ti fò wá ru báyìí. Bu kọfí rẹ, kó o gbọ́.

O rántí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú bá wa wá lẹ́yìn tí ojú bàbá rẹ lọ tán. Òun náà ló máa ń ka gbogbo ohun tó bá wà lójú rẹ̀ síta. Àwa la sọ ohùn yẹn ní Àlùfáà, nítorí pé bí àlùfáà wa àtijọ́ ṣe máa ń kéde lórí pẹpẹ ló ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́: ìgbéyàwó o, òkú o, adìẹ tó sọnù o, ohùn kan náà ni. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n Àlùfáà yìí ló sọ bàbá rẹ di ènìyàn padà. Ó ń fi í ka ìwé ìròyìn láràárọ̀, ó ń fi í kọ ìtàn ẹja pípa fún ìwé abúlé wa. Àwọn èèyàn máa ń dá mi dúró ní ṣọ́ọ̀bù pé, "Tellervo, ìtàn Sulevi tọ̀tẹ̀ yìí kọjá bẹ́ẹ̀!" Orí mi á wú.

Àfi bí ààrá ṣe sán lóṣù kẹjọ. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé tí òjò bá ṣú, kéèyàn yọ wáyà fóònù lára kọ̀ǹpútà. A ò yọ ọ́. Iná gba inú wáyà wọlé, òórùn jíjó gba gbogbo yàrá, nígbà tá a sì tan kọ̀ǹpútà padà, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, àfi ohùn. Káàdì ohùn inú rẹ̀, pátákó pẹlẹbẹ kan báyìí, ló ti jóná. Fún èmi tí mo ríran, ohun kékeré ni. Fún bàbá rẹ, odindi kọ̀ǹpútà ló kú.

Mo mọ ohun tó o máa sọ: ẹ ra tuntun. A bèèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà, ọmọ mi. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tuntun ò lè gba Àlùfáà wa, pé ohùn ọmọbìnrin kan ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ ọ. Ó fetí sí i díẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ obìnrin tó ń sáré sọ̀rọ̀, pé òun ti ní ọ̀kan nílé.

Ni Kauko bá gba iṣẹ́ náà ṣe. O mọ Kauko ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, èyí tó ṣiṣẹ́ nílé rédíò títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ohun tí Kauko ò lè tún ṣe, àfi èyí tó bá ti tún ṣe rí. Ó lọ rí káàdì àlòkù kan lára ẹrù ilé ìwé tí wọ́n tì pa lábúlé kejì. Ó ní ṣùgbọ́n káàdì nìkan ò tó, pé ìlànà kan tún gbọ́dọ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ṣe ògbufọ̀ láàárín òun àti káàdì. Dráífà ni wọ́n ń pè é. Láìsí i, àwọn méjèèjì á kàn máa wo ara wọn bí àna tó ti jà. Dísíkì dráífà àkọ́kọ́ tó rí, ti ẹ̀gbọ́n káàdì yẹn ni, kì í ṣe tirẹ̀. A tún dúró de òmíràn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi ránṣẹ́ láti Oulu.

Èyí dé, ó wọlé, ìjà mìíràn tún bẹ́. Bá a bá ti ní ká tẹ ìwé jáde, gbogbo kọ̀ǹpútà á dákú. Kauko yí sí mi, ó ní, "Tellervo, ẹni méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú àpótí yìí. Káàdì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Tí wọ́n bá ti pe ọ̀kan, àwọn méjèèjì á pariwo pé àwọn rèé." Mo ní kó yáa yí orúkọ ọ̀kan padà kó yéé dá mi lẹ́kọ̀ọ́. Fìlà oníke kékeré kan ló wà lórí káàdì náà, tí kò ju èèrà lọ. Ibi téèyàn bá fi dé ló ń sọ orúkọ tí yóò máa jẹ́. Kauko yọ ọ́, ó jábọ́ sórí ẹní, gbogbo wa wá a tì lórí ìkúnlẹ̀ kí bàbá rẹ tó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Nígbà tí Kauko fi dé ibòmíràn, ìjà tán. Ó hàn lójú kọ̀ǹpútà gbangba: a ti rí káàdì, dráífà wà ní ipò rẹ̀, kò sí ìṣòro. Kauko pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Àlùfáà ò fọhùn.

Irmeli, ọmọ mi, mi ò mọ iye ìgbà tí ọkùnrin yẹn yọ dráífà tó tún un fi sí i. Ó pààrọ̀ sípíkà, ó pààrọ̀ wáyà. Tó bá ti sú u, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́tìnnì tẹ èébú sínú kọ̀ǹpútà náà. Mo ní, "Kauko, àgbàlagbà ni ẹ́ o." Ó ní tí kò bá lè sọ̀rọ̀, kó kàwé. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbàkígbà tí bàbá rẹ bá dìde láti sún mọ́ wa, ẹnìkan á ní, "Jókòó jẹ́ẹ́, Sulevi, o ò lè rí i." Èmi náà sọ ọ́, Ọlọ́run má bínú. Ó jókòó lóòótọ́. Kò dìde mọ́. Ìwé abúlé jáde láìsí ìtàn rẹ̀. Kérésì dé, kò kọrin. Nígbà tá a palẹ̀ igi Kérésì mọ́, ló wá ní, "Pè wọ́n, Tellervo. Mo ti di ẹrù nílé yìí." Mo pe ìjọba ìbílẹ̀, mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè gba èmi náà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ṣì le, ojú mi ṣì ríran, kò sí àyè fún mi. Ká ti fẹ́ ara wa láti ìgbà èwe, ká wá máa lọ kí ara wa bí àlejò! Ọkàn mi gbọgbẹ́.

Ọjọ́ Tuesday ni wọ́n rán ìyáàfin kan wá, Onerva Karppinen, èèyàn jẹ́jẹ́ báyìí. Mo gbé kọfí àti búrẹ́dì aládùn kalẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe àlejò fún ajínigbé. Kauko náà wà níbẹ̀, ó ti ki orí bọ abẹ́ tábìlì, ó ní òun ò ní í kúrò. Ìyáàfin náà tẹ́ ìwé rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ohun tó wà lọ́kàn yín gan-an nìyí?" Bàbá rẹ ní, "Kò sí ohun tí mo tún ń ṣe níbí, ìyáàfin." Ni Kauko bá pariwo láti abẹ́ tábìlì, "Ẹ wá wò ó! Gbogbo rẹ̀ ló pé! Ẹ wò ó lójú rẹ̀ níbẹ̀, kò sí ìṣòro kankan!"

Bàbá rẹ fọwọ́ gbá tábìlì, ife kọfí fò sókè. "Ẹ wò ó, ẹ wò ó! Láti ìgbà òjò ni ẹ̀yin olójú ti ń wò ó! Kauko, jáde níbẹ̀." Kauko ní, "Sulevi, o ò lè..." Bàbá rẹ ní, "Mo ní jáde! Ta ló ni kọ̀ǹpútà?" Kauko rá jáde bí ajá tó jí ẹran. Bàbá rẹ kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn àpótí níbi tó fara ti ògiri, ó ń fọwọ́ kan wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń wá eegun lára ẹja. Ó wá ní, "Kauko, kí ni nǹkan roboto yìí tó ń yí?" Kauko ní, "Nǹkan wo tó ń yí?"

Irmeli, lẹ́yìn káàdì yẹn gan-an ni ohun tí wọ́n fi ń dín ohùn kù wà, bí ti rédíò àtijọ́, kò ju èékánná lọ. Èyí tó jóná ò ní irú rẹ̀, kò sì sí ohun tó máa fi í hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ó jọ pé olùkọ́ kan ní ilé ìwé yẹn ló yí i pa pátápátá nígbà tí ariwo àwọn ọmọ sú u. Bàbá rẹ yí i dé òpin, ó dìde, ó wá bọ́tìnnì tó máa ń fi sọ fún Àlùfáà pé kó kàwé, ó tẹ̀ ẹ́.

Yéè! Gbogbo ilé mì. Àlùfáà ké bí ìgbà tó wà níwájú ìjọ, ó ní: "Ìwọ pósí aláìwúlò. Mi ò mọ àṣẹ yìí. Kí iná jó ọ. Mi ò mọ àṣẹ yìí. Ṣé wàá sọ̀rọ̀ àbí o ò ní í sọ̀rọ̀. Mi ò mọ àṣẹ yìí. Ìyá tó bí ẹ dà. Mi ò mọ àṣẹ yìí." Gbogbo èébú tí Kauko tẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ń kà lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú ìdáhùn kọ̀ǹpútà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan! Ológbò fò sórí sítóòfù. Ojú Kauko pọ́n títí dé etí, ó ń nawọ́ sí mi pé kí n pa á. Kí n pa kí ni? Ìyáàfin Karppinen ti bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Bàbá rẹ dúró síbẹ̀, ó di etí tábìlì mú. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó tún un kà." Ó tún bọ́tìnnì náà tẹ̀. Nígbà tí Àlùfáà dé orí ìyá tó bí i, ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu bàbá rẹ, ẹ̀rín gidi, èyí tó máa ń fi ọwọ́ lu itan sí. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín yẹn ṣe ń dún. Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sórí búrẹ́dì. Nígbà tí gbogbo wa dákẹ́, ìyáàfin náà bi í pé kí ni kí òun wá kọ sínú ìwé òun. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ pé mo níṣẹ́ láti ṣe. Ìtàn ẹja oṣù mẹ́rin ni mo jẹ abúlé yìí." Obìnrin náà ká ìwé rẹ̀, ó mu kọfí kejì, ó lọ ní tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ariwo ò jẹ́ ká gbádùn mọ́ nílé yìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìwé ìròyìn láti oṣù kẹjọ ló ń kà bọ̀, ó sì ń pè mí láti ilé ìdáná pé, "Tellervo, ǹjẹ́ o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀?" Mo gbọ́ ọ nígbà ìkórè, ṣùgbọ́n mo máa ń ya ẹnu. Bàbá rẹ àti Kauko ń wẹ̀ nínú ooru sáúnà báyìí tí mò ń tẹ èyí, mo sì ti yí ohùn Àlùfáà sílẹ̀ kó má baà máa ka ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Tó bá di ọjọ́ Sunday, pè wá. Bàbá rẹ ló máa gbé fóònù.

Ọmọ mi, ilé rẹ ò ní í dákẹ́ láé àfi fún oorun. Ohun tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ yóò ní àtúnṣe. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ kò ní í yọ̀ lórí yìnyín, ọkọ rẹ yóò máa gbọ́ tìrẹ, ìwọ náà yóò máa gbọ́ tirẹ̀, ẹ ó sì dàgbà pọ̀ bí a ti ń dàgbà yìí. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń fojoojúmọ́ rò ọ́,
Tellervo.

Àfikún: Irmeli, bàbá rẹ nìyí. Ìyá rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi lẹ́tà sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, mo sì ní kí Àlùfáà kà á fún mi látòkè délẹ̀. Òótọ́ ló sọ púpọ̀. Ibì kan ló wà tí kò mọ̀. Kì í ṣe torí pé ayé sú mi ni mo fi ní kí wọ́n wá mú mi. Láti ìgbà tí ohùn yẹn ti lọ ni ìyá rẹ ti ń jáde lọ síbi tá a ń to igi ìdáná sí, á ti ìlẹ̀kùn, á máa sunkún níbẹ̀, ó rò pé ẹni tí kò ríran kò gbọ́ràn. Mo ní tí mi ò bá sí nílé, bóyá ẹkún yẹn á dá. Mo mọ̀ pé yóò ka èyí kó tó fi sínú àpò ìwé. Kó kà á.