Mo Ti Kọjá Odò Kejì, Màámi

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, torí mo mọ̀ yín: ojú ewé tó kẹ́yìn lẹ kọ́kọ́ máa ń ṣí nínú gbogbo ìwé tí ẹ bá mú lọ́wọ́. Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ bí ẹ ṣe fẹ́, mo sì dé Òkè-Abà. Ìdí tábìlì tí ẹ ti máa ń ṣa ìrẹsì ni mo jókòó sí báyìí, wíńdò tó kọjú sí Second Avenue ṣí sílẹ̀, itan mi méjèèjì sì ń ro mí bíi pé wọ́n gún wọn nínú odó.

Ṣé ẹ rántí àwọn Sátidé ìmọ́tótó? Tí a bá ti gbálẹ̀ tán, tí a ti kó ìdọ̀tí inú gọ́tà síta, tí ọkọ̀ kankan ò sì tíì gbọdọ̀ rìn, ẹ ó gbé kẹ̀kẹ́ yín jáde, ẹ ó gbé mi sórí kárírà ẹ̀yìn, gbogbo Festac á sì dákẹ́ fún àwa méjèèjì. Ilẹ̀ Festac tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́, àmọ́ ẹ̀yin kì í rí i bẹ́ẹ̀. Tí a bá dé oríta àkọ́kọ́, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó máa ti kẹ̀kẹ́, ẹ ó máa mí hẹlẹhẹlẹ, nítorí pé òkè Ẹ̀fọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé, igbó á ṣú, a ó sì tẹrí ba fún ẹ̀ka igi tí kò sí níbẹ̀. Gọ́tà ńlá iwájú ni odò kìíní; ẹ ó gbé ẹsẹ̀ sókè kí bàtà yín má baà tutù. Gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí ìhà Abúlé Adó ni odò kejì, ibẹ̀ ni ẹ sì ti máa ń yí kẹ̀kẹ́ padà. Ní gbogbo ọdún tí mo fi jókòó lẹ́yìn yín, a ò kọjá odò kejì rí. Mo rò pé ibẹ̀ ni ayé parí sí.

Ó di ìgbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀ kí n tó mọ ohun tó wà ní òdìkejì. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ẹ ń wo ara ògiri, ẹ sì sọ gbogbo rẹ̀ láì wojú mi. Ẹ sọ bí ẹ ṣe jẹ́ agbẹ̀bí ọ̀dọ́ ní àwọn abà ẹ̀yìn Ẹ̀fọ̀n, kẹ̀kẹ́ ìjọba lábẹ́ yín, àpótí iṣẹ́ lẹ́yìn yín. Wọ́n ránṣẹ́ pè yín láti Òkè-Abà pé obìnrin kan ń rọbí. Odò kejì kún, igi kan ṣoṣo ló sì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ bí afárá. Ẹ lè fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ létí omi kí ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ẹ ò fi í sílẹ̀, torí kẹ̀kẹ́ ìjọba ni, ẹ sì ti fọwọ́ síwèé pé kò gbọdọ̀ sọnù. Ẹ gba òkè odò yípo lọ síbi tí omi ò ti jìn. Nígbà tí ẹ dé, ẹ gba ọmọ náà láàyè, àmọ́ ìyá rẹ̀ kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ keje, oníṣẹ́ wá láti Òkè-Abà pé àwọn àgbà ilé ń retí nọ́ọ̀sì lọ́la. Ilé tó ń ṣọ̀fọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ọ̀sì ṣe bí kò ṣe kí wọ́n bi í léèrè òkú wọn? Bí ẹ ṣe rò ó nìyẹn. Ẹ ò lọ. Kí oṣù náà tó parí, ẹ ti bẹ àwọn ọ̀gá yín kí wọ́n gbé yín wá sí Èkó, níbi tí kò sí òkè.

Ohun tí ẹ fẹ́ lọ́wọ́ mi kò pọ̀. Kí n lọ kúnlẹ̀ fún wọn nítorí yín. Kí n má wọkọ̀, kí n gun kẹ̀kẹ́, kí n lè mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí kí n tó dá yín lẹ́jọ́. Mo ní n ó lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fònídónìí fọ̀ladọ́la. Ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé mi ní Satellite Town ni lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà òjò ni. Lẹ́yìn náà ọ̀gbẹlẹ̀ ni, bíi pé òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan kọ́ ló wà nínú ọdún. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi lẹ máa ń bi mí. Nígbà tó yá, ẹ ò bi mí mọ́. Ṣé ẹ ti dárí jì mí ni, àbí ó kàn rẹ̀ yín? Ojú ń tì mí títí di òní. Ẹ kú kí n tó ra kẹ̀kẹ́.

Mo padà rà á ní Trade Fair, tòkunbọ̀ tó ní gíà márùn-ún, mẹ́ta péré ló sì ń gbọ́ràn. Nígbà tí mo ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Ìyá Kúnlé ìsàlẹ̀ dúró, ó kawọ́ mọ́rí. “Àǹtí tíṣà, ṣé mọ́tò ti tán l'Ékòó ni? Àbí ìlú òyìnbó lẹ fẹ́ gun báísíkù lọ?” Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n so kẹ̀kẹ́ náà mọ́ orí ọkọ̀ tó ń lọ Iléṣà, láti Iléṣà ni mo sì ti gùn ún.

Màámi, ẹ ò sọ fún mi pé ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi ìyẹn pamọ́? Lẹ́yìn ìlú Erin, òkè dìde lápá ọ̀tún àti lápá òsì, igbó sì bò wọ́n dé orí. Kùrukùru wà nínú àfonífojì títí oòrùn fi ga, funfun bí ògì, orí igi nìkan ló yọ jáde nínú rẹ̀. Mo ń gbọ́ omi tó ń já láti òkè, mi ò sì rí i. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ lórí fóònù mi, kò sí ẹni tó lè pè mí láyé yìí, bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ẹ̀yin lè pè mí. Mo ń wa kẹ̀kẹ́ lọ bí ẹni tó ń sùn. Nígbà mìíràn, mi ò mọ èyí tí mo wà lórí rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀nà méjèèjì, ti Ẹ̀fọ̀n àti ti Festac. Mo dé ẹsẹ̀ òkè kan, mo kàn mọ̀ pé ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn, mo sọ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lábẹ́ àwọn igi kòkó, mo tẹrí ba, ẹ̀ka gidi sì gbá mi lórí. Mo bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún díẹ̀. Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi rìn jìnnà, ìyá mi ni mo rí, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kánjú lórí kẹ̀kẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo sùn sí Ẹ̀fọ̀n. Ní ọjọ́ kejì, mo kọjá odò kìíní láìmọ̀, ó ti gbẹ di ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́. Odò kejì kò gbẹ. Wọ́n ti fi kọnkéré ṣe afárá sí i, àmọ́ omi náà ń sáré lábẹ́ rẹ̀, ó pọ́n, ó ń hó. Mo dúró pẹ́. Mo yí orí kẹ̀kẹ́ sí òkè odò, mo gba ọ̀nà tí ẹ gbà, láàárín ewé gbòdògì àti òkúta, nígbà míì kẹ̀kẹ́ lórí mi, nígbà míì èmi lábẹ́ kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà náà gùn, Màámi. Ó gùn ju bí ẹ ṣe sọ ọ́ lọ. Ẹ ní kí n mọ ọ́n kí n tó dájọ́. Mo mọ̀ ọ́n báyìí, mo sì mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ ti fi kẹ̀kẹ́ yẹn sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ní gbogbo àkókò láyé, mo so àpò mi mọ́ kẹ̀kẹ́, mi ò sì fi í sílẹ̀.

Ó ku díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n nígbà tí mo dé Òkè-Abà. Wọ́n fi ilé náà hàn mí kíá. Bàbá náà ṣì wà láàyè, ọkọ obìnrin tó kú. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ etí rẹ̀ mú. Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ tí ẹ gbà lọ́jọ́ yẹn, ń ta káàdì fóònù lójúde. Ó sanra díẹ̀, ó rẹwà, ó fi ọdún kan jù mí lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi, mi ò fi ti kẹ̀kẹ́ ìjọba pamọ́.

Bàbá ní, “Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ dà?”

“Wọ́n ti sùn, Bàbá.”

“A rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí omi fà,” ó ní. “Létí odò níbẹ̀. Ibi tó ti ń lọ tó ti ń bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́. A mọ̀ látọjọ́ yẹn pé kẹ̀kẹ́ ló dá a dúró. Mo bínú, ọmọ mi, mo bínú gan-an ni. Àmọ́ nílé tiwa, ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ gba ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lórúkọ. A ṣọ̀fọ̀, a sì gbé omi kalẹ̀ dè é. Oòrùn kan àtàrí, a ò rí i.”

Orúkọ ni wọ́n ń pè yín fún, Màámi. Orúkọ lásán. Ẹ sá fún un títí dé Èkó. Gbogbo ọdún yẹn, àwọn yẹn ń rò pé ẹ kórìíra ọmọ náà, ẹ̀yin náà ń rò pé wọ́n kórìíra yín. Ta ni kí n bínú sí?

Rẹ̀mí ní orúkọ mẹ́ta. Wọn ò fún un ní ìkẹrin, torí ti nọ́ọ̀sì ni. Ó bọ́ sínú ilé, ó bu omi sínú abọ́, ó sì kúnlẹ̀ níwájú mi, èmi àbúrò rẹ̀. Bàbá ní kí n sọ ọ́ bí ẹ̀ bá ṣe sọ ọ́.

Orúkọ wo lẹ ní lọ́kàn fún un? Ṣé ẹ tilẹ̀ ro ó rí, lójú ọ̀nà, nígbà tí ẹ ń padà lọ pẹ̀lú ọwọ́ tó ti gba ọmọ? Mo retí kí ẹ sọ ọ́ sí mi létí. Ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo tọwọ́ bọ omi, mo fi kan iwájú orí rẹ̀, mo sì fún un ní orúkọ tèmi. Òun nìkan ni orúkọ tí mo mọ̀ dájú pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ẹnu yín yàn fún ọmọ.

Bàbá rẹ̀ gbé ohùn sókè, ó pe orúkọ náà. Àwa méjèèjì la jọ dáhùn.

Ẹ sinmi báyìí, Màámi.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.