Odi, Ìbọn Tí Kò Fẹ́ Fọhùn

Sátidé, 2 Nòfẹ́ńbà 2024

Odi kò fọhùn lónìí náà. Ìbọn kẹrin tí mo fi ọwọ́ ara mi rọ nìyí. Àkọ́kọ́ là sí méjì. Èkejì tẹ̀. Ẹ̀kẹta — kí n má sọ ti ẹ̀kẹta, irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ hù padà ni. Ẹ̀kẹrin yìí kò là, kò tẹ̀, kò jó ẹnikẹ́ni. Kò kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Odi.

Mo fi aṣọ ìnura bò ó, mo gbé e lọ sí yàrá Bàbá. Bàbá ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ojú wọn ń ṣe bàìbàì, etí wọn ń gbọ́ èyí tó bá wù wọ́n. Imú nìkan ló kù tó ṣì dá ṣáṣá. Wọn kì í wo ìbọn rárá. Wọ́n á gbé imú lé ẹnu ẹ̀, wọ́n á fà á símú bí ẹni tó ń yẹ ẹja gbígbẹ wò.

Wọ́n ní, "Kò tíì jẹun." Wọ́n dá a padà fún mi.

Ìbọn mẹ́tàdínlógún ni Bàbá rọ ní Ìsẹ́yìn, ṣakabùlà gidi tí ọdẹ ń gbé wọ igbó, kí wọ́n tó kó wá sí Sábón Gàrí lókè ọya níbí wá máa ta èlò irin. Wọ́n ní ìbọn tó bá ti fọhùn, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni ẹnu ẹ̀ á fi máa rùn. Èmi náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi tún irinṣẹ́ ṣe ní yunifásítì. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kí wọ́n tó pè mí. Mo fẹ̀yìntì, mo kọ́lé sí Hanwa, mo lọ Mẹ́kà. Bàbá ò tíì fi ẹnu wọn sọ rí pé ọwọ́ mi dára. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta kò yẹ lẹ́ni tó ń ronú báyìí. Mo ń rò ó.

Sọ́ńdè, 3 Nòfẹ́ńbà

Ìjọba — Sarat, ìyàwó mi — rí àwòrán Odi lórí tábìlì. Mo ní páìpù omi ni. Ó ní páìpù omi wo lèèyàn ń gbé lé èjìká? Mo ní ti ìgbàlódé ni.

Àtàlátà, 5 Nòfẹ́ńbà

Ìjọba lọ síléèwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Mo so Odi mọ́ odó àtijọ́ lẹ́yìnkùlé, mo fi okùn gígùn sí i, mo sì lọ fara pamọ́ sẹ́yìn táǹkì omi. Mo ka Áyátúl-Kúrísíyù. Mo ṣe Bìsìmílà. Mo fa okùn.

Tá. Bí ẹni pa ẹ̀pà kan ṣoṣo. Adìẹ tó ń jẹ̀ nítòsí kò tilẹ̀ gbórí sókè. Mo dúró sẹ́yìn táǹkì fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bóyá ó ṣì ń ronú. Nígbà tí mo yọjú, adìẹ náà ti bà lé e lórí.

Bàbá pè mí láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní kí ló dún yẹn? Inú mi dùn pé wọ́n gbọ́. Mo ní ìbọn ni. Wọ́n ní áà, àwọn rò pé mo ń jẹ ẹ̀pà ni, àwọn ì bá ní kí n bu díẹ̀ wá.

Jímọ̀, 8 Nòfẹ́ńbà

Wàhálà dé.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Umar dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Sójà tó ti fẹ̀yìntì ni Umar, òun ni olórí àwọn fijilánté àdúgbò wa, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Ó ní nítorí àwọn ajínigbé tó ń yọ àwọn abúlé lẹ́nu, àwọn fẹ́ wo ilé dé ilé, bóyá ẹnì kan ń rọ ìbọn pamọ́. Wọ́n nílò ẹni tó mọ irin. "Injiniya, kai ne idonmu," ló wí, pé èmi ni ojú wọn. Ó ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ kó tó bi mí. Kí ni n bá wí? Mo ní Allah ya taimaka, kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́. Bí mo ṣe di ọmọ ìgbìmọ̀ nìyẹn.

Ó mú mi lọ wo ọ̀kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ní ìhà Gyellesu, kí wọ́n tó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Mo gbé e. Ọlọ́run má ṣàì foríjì mí, ìlara mú mi. Ibi tí irin ti pàdé igi, abẹ́rẹ́ kò lè kọjá níbẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n bèèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí ọkùnrin náà ti kọ́ṣẹ́. Umar ní ṣé nǹkan burúkú ni? Mo ní burúkú gbáà. Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Sátidé, 9 Nòfẹ́ńbà

Mo tún ìdí Odi fá. Kò dà bíi ti Gyellesu.

Àtìní, 11 Nòfẹ́ńbà

Ìjọba ti mọ̀. N kò mọ ẹni tó sọ fún un, àfi tó bá jẹ́ Bàbá.

Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó jókòó, ó tú gèlè lé itan. Ó ní, Bàbá Hafeezat, wọ́n ń jí èèyàn gbé káàkiri, ẹ̀yin jókòó sílé ẹ̀ ń rọ ìbọn. Bí wọ́n bá rí i, ta ló máa gbà pé torí kí bàbá yín lè yìn yín ni? Ẹ̀wọ̀n ni, ìyẹn bí àwọn ará àdúgbò bá jẹ́ kẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Òótọ́ ló sọ. Èyí tó tún ká mi lára ni pé ó mọ ìdí tí mo fi ń ṣe é, n kò sì sọ ọ́ fún un rí. Ó ní kí n ba nǹkan náà jẹ́ kó tó di Sátidé, torí Sátidé ni ìgbìmọ̀ wa máa dé òpópónà wa. Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní gbígbọ́ kọ́ lòun ń bèèrè.

Àtàlátà, 12 Nòfẹ́ńbà

N kò lè bà á jẹ́. Mo gbé òòlù lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó gbogbo ohun tó wà nínú Odi dànù, mo wá tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá. Ta ló máa ní kí arúgbó dìde?

Àlàrùba, 13 Nòfẹ́ńbà

Bàbá ní oorun tí àwọn sùn lánàá, láti Ìsẹ́yìn làwọn ti sun irú ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Àlàmísì, 14 Nòfẹ́ńbà

Ìjọba bi mí bóyá ó ti bàjẹ́. Mo ní kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. N kò purọ́. Kò ṣiṣẹ́ rí.

Sátidé, 16 Nòfẹ́ńbà

Kí n yára kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ìtìjú má baà jẹ́ kí n yí i padà lọ́la.

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ la dé ilé mi: Umar, ọkùnrin mẹ́ta, èmi pẹ̀lú ìwé àti bírò. Umar ní ká fo ilé Injiniya. Èmi òmùgọ̀, mo ní rárá o, òfin kì í wo ojú. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé olóòótọ́ ni mí. Ìjọba wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo àgbò tó ń fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ bá alápatà.

A wo pálọ̀. A wo ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. A dé yàrá Bàbá. Umar bẹ̀rẹ̀ kí wọn: "Baba, ina kwana, ya jiki?" Bàbá ní jiki da sauƙi, pé ara ti ń le díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wá kúnlẹ̀, ó fẹ́ yọjú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo pa ojú dé.

GBÒÀ!

Gíláàsì fèrèsé mì. Umar kígbe pé "Su ne!", pé àwọn ajínigbé ti dé, gbogbo wa bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Òótọ́ ni mo fẹ́ kọ: èmi ni mo kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà jáde. Umar tó fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣe sójà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti yà á sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, gbogbo òpópónà ti wà níbẹ̀, tó fi mọ́ ìyá kan tó ṣì di ṣíbí ọbẹ̀ mú. Bàtà mi kan ti bọ́. Bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ìgbà yẹn ni mo rántí Bàbá. Bàbá, lórí bẹ́ẹ̀dì, lórí Odi.

Mo yí padà. Umar di ẹ̀wù mi mú, ó ní "Ina za ka?", pé níbo ni mò ń lọ? Mo já a gbà. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń sáré, n kò ní fi pamọ́ fún ìwé yìí. Mo ń wí lọ́kàn mi pé mo ti fi irin tí mo fẹ́ gba ìyìn lé lórí pa bàbá mi.

Bàbá jókòó. Fìlà wọn gún régé. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dún, Wàídì. Ọwọ́ ẹ dára." Mo wó lulẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ń ṣàdúà: ọwọ́ mi kò ní rọ, ọmọ mi náà á ṣe irú ẹ̀ fún mi.

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni mo wà tí ọpọlọ mi fi padà bọ̀ sípò. Odi ṣófo. Èmi fúnra mi ni mo kó inú ẹ̀ dànù. Báwo ni ìbọn òfìfo ṣe máa dún?

Umar pariwo láti ìta. Ó ní táyà típà tó kó yanrìn ló bẹ́ ní oríta, kò sẹ́ni tó fara pa, kí n wá mú bàtà mi. Mo wo ojú Bàbá. Ojú wọn kò yí padà. Mo ṣáà mọ̀ pé etí wọn kò dára. Mo ní Àmín.

Wọ́n wá sọ pé ní ìdílé tiwa, ìbọn àkọ́kọ́ tó bá fọhùn, ẹni tó rọ ọ́ á yọ́ ọ, á fi rọ ọkọ́, á sì jáwọ́ nínú ìbọn, torí ó ti jẹ́rìí ara ẹ̀. Kí n lọ ṣe é. Mo ní ẹ ṣeun, Bàbá.

Ìgbìmọ̀ kò padà wọlé. Umar kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé Injiniya, babu komai, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Sọ́ńdè, 17 Nòfẹ́ńbà

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Ìjọba. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ṣé n kò ní sọ òótọ́ fún Bàbá? Mo gba àdúà tó jẹ́ ti táyà típà. Mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ náà.

Àtìní, 18 Nòfẹ́ńbà

Odi wọnú iná. Mo rò pé màá sunkún. Ebi ló ń pa mí.

Àlàmísì, 21 Nòfẹ́ńbà

Mo gbé ọkọ́ lọ fún Bàbá. Wọ́n gbé imú lé e. Ọkọ́! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Wàídì, ọjọ́ mélòó ni ìbọn fi ń rùn?"

Mo ní mẹ́ta.

"Mo sùn lé tìẹ lórí lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Kò rùn."

Mo ní Bàbá, ẹ mọ̀? Wọ́n ní ta ni kò mọ ohùn táyà? Àwọn gbọ́ Umar náà dáadáa. Mo bèèrè ọ̀rọ̀ ìdílé, ti ọkọ́. Wọ́n ní irọ́ ni, ìyàwó mi ló wá sunkún bá àwọn, àwọn sì ń wá ọ̀nà tí nǹkan náà máa gbà kúrò nílé kí n tó kó sí wàhálà. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí sókè. Mo ní àdúà ńkọ́, Bàbá? Ṣé irọ́ nìyẹn náà?

Wọ́n ní, "Ìbọn mẹ́tàdínlógún ni mo rọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sáré padà wá wò ó bóyá mo ṣì wà láàyè."

Mo jókòó tì wọ́n, mo ń fi apá ẹ̀wù nu ojú.

Bàbá na ọkọ́ náà síwájú ojú wọn, wọ́n fi ìka tẹ̀lé ẹnu ẹ̀ lọ, wọ́n tẹ̀lé e bọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ lo kọ́kọ́ sá ṣáá, mo rí ẹ." Wọ́n sì ní ọkọ́ náà wọ́ lápá òsì.

Ó wọ́ lóòótọ́.