Ọkọ̀ Tí Kò Ní Àga Awakọ̀

                                        Yàrá Ẹ̀yìn,
                                        Ilé Bàbá Maṣíìnì,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé-Ìwé Gíga.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ sì kú ojú lọ́nà lẹ́tà mi. Ṣé ara yín le? Orúnkún Màámi ńkọ́, àbí wọ́n ṣì ń bá oògùn jà? Ọkọ yín ńkọ́? Ṣé àbíkẹ́yìn yín ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Èmi wà láàyè, mo ń jẹun, mo sì ń lọ sí kíláàsì. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí bóyá mo ti ní ọ̀rẹ́. Rárá o. Àwọn ẹgbẹ́ mi kó ara wọn jọ bí ẹni pé ọmú kan náà ni wọ́n mu dàgbà, èmi sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ a máa ríran, ohun tí mo sì rí nínú ilé tí mò ń gbé yìí kò ṣeé dá mọ̀.

Mo ti sọ fún yín pé ọwọ́ tọkọtaya kan ni mo ti gba yàrá. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni ọkọ ń tún ṣe, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń pè wọ́n ní Bàbá Maṣíìnì. Ìyàwó wọn ni Ìyá Olówùú, tí ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù fún àwọn aránṣọ. Ẹsẹ̀ Bàbá méjèèjì ti kú láti ìgbà tí ọkọ̀ kan ti gbá wọn, àga onítáyà ni wọ́n ń lò. Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú o. Wọ́n ní ọkọ̀ gbọọrọ kan tí wọ́n ṣe ní àkànṣe. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ á ṣí, irin pẹrẹsẹ kan á yọ jáde bí ahọ́n. Bàbá á yí àga wọn gùn ún, wọ́n á wọlé tààrà dé ìdí sitiárìn. Kò sí àga awakọ̀ níbẹ̀ rárá. Àga onítáyà wọn gan-an ni àga awakọ̀: irin inú ilẹ̀ ọkọ̀ á gbá a mú, á dún kà! Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹná, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń tẹ bíréèkì. Ìyá Olówùú á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn pẹ̀lú àpò òwú, wọ́n á sì lọ káàkiri ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ. Ọkọ ń tú maṣíìnì, ìyàwó ń gbé èyí tó wúwo, ó sì ń ta ọjà tirẹ̀. Wọn kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Bóyá ohun tó ń dun àwọn ará ilé wọn gan-an nìyẹn.

Bàbá Maṣíìnì ní àbúrò kan tí wọ́n ń pè ní Alága. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ó jù mí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ “wọ́n” fún un. Kò sí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe òun ni alága rẹ̀. Bí eṣinṣin mẹ́ta bá péjọ, á ti gba àga iwájú. Ẹnìkan ló bi í léèrè nínú ìpàdé pé, “Alága, ṣé gbogbo yín kò tó ẹni tí í wakọ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín ni?” Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kó sùn. Ẹ ṣàkíyèsí o: láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, oorun rẹ̀ kò dà rú. Ẹnu ayé ló lé oorun lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pe ẹbí jọ sí pálọ̀ wa. Wọ́n jẹ gbogbo bisikíìtì Ìyá Olówùú tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú wọn. Alága dìde, ó tún kọ́là ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. “Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́ tó. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sinmi. Kí ọkọ̀ yẹn wà lọ́dọ̀ mi. Ibi yòówù tí wọ́n bá fẹ́ lọ, kí wọ́n ṣáà pè mí.” Àwọn yòókù ń mi orí bí alángbá orí ògiri.

Ìyá Olówùú ní, “Èmi ńkọ́? Ṣé èmi náà ti ṣiṣẹ́ tó?”

Ó ní, “Ìyàwó wa, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹbí là ń sọ.”

Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà náà ni Alága ṣẹ́jú sí Ìyá Àgbà, àbúrò ìyá tó bí wọn, arúgbó tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi gbé òun wá. Ìyá Àgbà sì kúnlẹ̀ síwájú Bàbá. “Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, gbé ọkọ̀ náà lọ fún un.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àgbà bá ti kúnlẹ̀ fún ọmọ, ẹjọ́ parí. Bàbá ní, “Ẹ dìde, Màámi. Màá gbé e lọ.” Wọ́n sì gbé e lọ lọ́jọ́ kejì, àwọn fúnra wọn ló wà á dé ọgbà Alága, Ìyá Olówùú sì ti àga onítáyà wọn padà sílé. Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn ló wà á. Ẹbí ọlọ́gbọ́n!

Ìrànlọ́wọ́ wá bẹ̀rẹ̀. Bí Bàbá bá pe Alága, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́ ni, “Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé kò lè di ọ̀la?” Ọjọ́ kan tó wá, oòrùn ti yẹ̀ àtàrí. Ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí àpò ìrẹsì, ó jù wọ́n sínú ọkọ̀ kékeré rẹ̀, ó sáré já wọn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan. Àga onítáyà wà nínú pálọ̀ wa níbí. Ó gbé ènìyàn, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nílé! Kò sì lè padà wá mú un, ìpàdé ń dúró dè é. Ó bá gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí àga kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó bá tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Bàbá wà láìlè yí padà, tí àwọn aránṣọ ń gbé maṣíìnì wá bá wọn bí ẹni ń gbé ọrẹ wá fún òrìṣà. Nígbà tó dé lálẹ́, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rí i bí ayé ṣe rọrùn?”

Wọn kò pè é mọ́. Ìyá Olówùú bẹ̀rẹ̀ sí í ru òwú lórí fẹsẹ̀ rìn, ìwọ̀nba ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé e dé. Àwọn aránṣọ tó jìnnà bẹ̀rẹ̀ sí í pe atúnṣe mìíràn. Bàbá sì jókòó sójú fèrèsé. Bí mo bá ti kíláàsì dé, wọ́n á ní, “Ọ̀nà wo lo gbà?” Èmi tí mi ò tíì lanu láti àárọ̀, màá ka gbogbo kọ́nà fún wọn, àti ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ gọ́tà, àti ṣọ́ọ̀bù tó yí ilẹ̀kùn padà. Wọ́n á dijú gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi, ó dùn mí.

Àfi ìgbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Alága ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ kan pé ọkọ̀ ńlá òun ni yóò kó àga ìpàdé. Ọkọ̀ ńlá òun! Ìyàwó rẹ̀ ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Ìyá Olówùú, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè parí ọ̀rọ̀. Alága ṣí ọkọ̀, kò rí àga awakọ̀. Dípò kó ronú, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé àpótí jáde, ó jókòó lé e sí ìdí sitiárìn pẹ̀lú aṣọ funfun báláú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ibi tó máa tẹ̀, kò rí. Ó di ọ̀pá ọwọ́ mú, ó fà á. Ọkọ̀ fò bí ewúrẹ́ tí wọ́n ta lókùúta, àpótí yọ nídìí rẹ̀, alága ẹgbẹ́jẹgbẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ọkọ̀ sì dábùú ẹnu géètì, ó fọ́ iná ojú kan, ó dákẹ́ síbẹ̀. Ọkọ̀ kékeré rẹ̀ wà nínú ọgbà lẹ́yìn rẹ̀. Mẹkáníìkì tó pè wò ó títí, ó ní òun kò ní jókòó sórí àpótí wakọ̀, kí ó lọ pe ẹni tó ni ín.

Mo wà ní pálọ̀ nígbà tí fóònù dún. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbé ọkọ̀ yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà.”

Bàbá ní, “Màá wá. Wá gbé mi.”

“Ọkọ̀ mi há sínú ọgbà.”

“Ó mà ṣe o. Ṣáà wá gbé mi.”

Ìyá Olówùú ti fi ìborùn bo ẹnu. Alága fẹsẹ̀ rìn wá. Mo ní kí n bá wọn ti àga, Bàbá wò mí báyìí. “Má yọ ara ẹ lẹ́nu. Àbúrò mi fẹ́ràn àtigbé mi.” Ó sì tì wọ́n lóòótọ́, nínú oòrùn, lórí ọ̀nà olókùúta, aṣọ funfun lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, gbogbo ẹni tó rí wa ń kí i pé, “Alága, ẹ kú iṣẹ́ o!” Kò lè dáhùn, ó ń mí hẹlẹ. Èmi àti Ìyá Olówùú ń tẹ̀ lé wọn jẹ́jẹ́.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, irin yọ, Bàbá gùn ún, àga dún kà! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yí sitiárìn, ọkọ̀ jáde gbọọrọ sí títì. Ìyá Olówùú wọlé. Alága nu òógùn, ojú kò tì í, ó na ìka sí kọ̀rọ̀ ọgbà. “Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kúkú wà á sí ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn.”

Bàbá yọrí lójú fèrèsé. “Màámi kúnlẹ̀ pé kí n gbé e wá fún ọ. Mo gbé e wá, o sì ti rí i. Wọn kò kúnlẹ̀ pé kí n fi í sílẹ̀ láéláé.”

Wọ́n sì lọ. Ọwọ́ Ìyá Olówùú ń tọ́ka sí ọ̀tún, ọkọ̀ yà sí òsì. Wọ́n gbàgbé mi pátápátá sẹ́nu géètì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága. Ó yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ló yẹ kí n ròyìn. “Níbo ni wọ́n ń lọ?”

Mo ní, “Mi ò mọ̀, sà. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màámi àti ọkọ yín, kí ẹ sì fi ẹnu kan àbíkẹ́yìn yín lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Bí ẹ bá rí àyè, ẹ kọ̀wé sí mi, kódà bí kò bá sí ìròyìn kankan.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ìwé rẹ̀ gùn ju ẹnu rẹ̀ lọ,
                                        Adákẹ́-máa-wò.