Mo Ti Gbé Bisikíìtì Lalla Tamu Padà

Hasna àbúrò mi, bí o bá ti ilé ìwẹ̀ dé, má wulẹ̀ wá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti gbé tíréè bisikíìtì náà padà fún Lalla Tamu.

Ìwọ náà mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Èrò ọdún pọ̀ bí eṣú láàárọ̀ yìí ní ilé ààrò àdúgbò tí gbogbo wa ń gbé bisikíìtì lọ yan, ni baba alààrò bá gbé tíréè Lalla Tamu aládùúgbò wa fún mi dípò tiwa. Nígbà tí mo sọ fún ọ, o ti ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá Ilyas, àfẹ́sọ́nà rẹ, tó ń bọ̀ wá kí wa lónìí, pé ìwọ lo ṣe é. O ní, "Ta ni yóò mọ̀, Buazza? Ṣé ìwọ òpùrọ́ yìí ni yóò kọ́ mi ní òtítọ́?"

Òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ pé ràkúnmí ń wẹ̀ ní ilé ìwẹ̀ obìnrin, tí ìlú fi dàrú. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló rẹ́rìn-ín sí irọ́ tèmi. Tìrẹ yìí, Lalla Tamu tó jẹ́ opó ni yóò sunkún sí i. Ọmọ rẹ̀ ń ti òkè òkun bọ̀ lálẹ́ yìí, bisikíìtì yẹn ló sì ń retí.

Tiwa ló wà lórí tábìlì. Ó dúdú, ó sì le. Bíríkìlà tó ń kọjá ti bèèrè bóyá a ń tà á. Òun ni kí o gbé fún ìyá Ilyas, kí o sì jẹ́wọ́ fọ́tò yẹn kí ó tó jókòó.

Bí o kò bá sọ ọ́, èmi yóò sọ ọ́. O sì mọ bí mo ṣe ń sọ ìtàn: kí n tó parí rẹ̀, wàá ti jí ààrò náà gbé, tòun ti baba alààrò nínú rẹ̀.

Buazza