Ìbọn Bàbá Ti Kúrò Nílé

Ojúlé Kọkànlá,
Agboolé Olóko,
Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹrin, 2026.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, Kamaldeen,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Ìbàdàn? Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fi yín sílẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìbínú, nítorí mo mọ̀ pé inú ṣì ń bí yín sí wa. Ara Alhaja ìyá wa le. Ọjà ẹja tútù mi náà ń lọ, àfi iná tí wọn kì í mú wá déédéé.

Ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹ tó ka èyí. Ìbọn bàbá wa ti kúrò nílé. Àwọn ọlọ́pàá ló gbé e lọ, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì sùn ní àtìmọ́lé.

Ẹ ò lè gbàgbé ọjọ́ tí ẹ gun àjà láti tún wáyà iná ṣe, tí ẹ bá ìbọn alágbẹ̀dẹ náà nínú àpò, tòun tọta, láìní ìwé àṣẹ kankan. Ẹ búra pé ọmọ yín kankan ò ní sùn nílé yìí mọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀. Iléyá méjì ti kọjá báyìí tí Alhaja ò fojú kan àwọn ọmọ. Bí mo bá gbé àwo ẹran kalẹ̀, á ní, "Ta ló fẹ́ jẹ gbogbo èyí?" Ó ń dùn mí gan-an. Síbẹ̀, kò gbà ká gbé ìbọn náà jáde. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀ o. Ó ní ogún bàbá ni, ohun tí ẹbí ò bá sì tíì pín, ẹnì kan ò lè dá a gbé fún ará ìta.

Mo ní bó bá jẹ́ pípín ló kù, ẹ jẹ́ ká pín in. Bàbá Abdulganiyu, àbúrò bàbá wa, pe ẹbí jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo sọ fún wọn pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí wọn, ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín! Àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jà nítorí àga bàbá lọ́jọ́sí, nígbà tó kan ìbọn, gbogbo wọn ń wolẹ̀. Ni mo bá nawọ́ pé kí wọ́n fún èmi.

Bàbá Abdulganiyu ní, "Ràfátù, obìnrin kì í jogún ìbọn."

Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi wá ọkùnrin tó fẹ́ ẹ."

Alhaja fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí wọ́n fún mi. Bí àbúrò yín ṣe di oníbọn nìyẹn.

Bàbá Abdulganiyu wá ní ká fi èlùbọ́ bò ó nínú àpò, ká gbé e sínú kẹ̀kẹ́ lọ sí tẹ́ṣàn. Ẹ ò rí nǹkan! Bí wọ́n bá dá wa dúró lójú ọ̀nà, ta ló máa gbà pé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá là ń gbé e lọ? Mo pe Roseline, ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ lọ́yà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ká fi í síbi tó wà, ká lọ sọ fún ọlọ́pàá pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Èmi, Roseline àti Bàbá Abdulganiyu la jọ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, n ò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mo wọlé. Ọ̀gá ọlọ́pàá bi wá pé ta ló ni ìbọn. Mo ní, "Èmi ni, sà. Mo jogún ẹ lọ́jọ́ Jímọ̀." Ó wò mí títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ àlàyé wa tán, ó ní a ṣeun tí a ò gbé e rìn. Ó ní kí àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ bá wa délé. Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ síta, wọ́n gun àjà, wọ́n yọ ọta, wọ́n sì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu wa sílẹ̀, wọ́n sì fún wa ní ìwé pé a ti fi í lé wọn lọ́wọ́.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e kọjá, mo rò pé Alhaja máa sunkún. Kò sun ún. Ó kàn kọjú sí yàrá bàbá wa, ó ní, "Bàbá Kamal, ẹ má bínú o. Àwọn ọmọ ni mo fẹ́."

Ẹ bá mi kí ìyàwó wa dáadáa. Ẹ sọ fún Nàfísàt, ọmọ yín, pé mo ti bá a tọ́jú ẹja tó fẹ́ràn. Ní ti Alhaja, kò rán mi níṣẹ́ kankan sí yín. Ṣùgbọ́n láti àná ló ti gbá yàrá bàbá, ó sì ti tẹ́ ẹní sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ Iléyá ṣì kù ju oṣù kan lọ.

Èmi ni àbúrò yín tí ogún rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá,
Ràfátù.