Àtẹ́wọ́ Tí Bọ̀dá Mọ̀ọ́tán Gé Dànù

                                        Ilé alátẹ̀gùn irin,
                                        Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́,

Jókòó dáadáa kí o tó kà á, torí ọwọ́ tó ń kọ lẹ́tà yìí náà ló gbé ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Mọ̀ọ́tán, sókè láàárọ̀ yìí bí ìrọ̀rí, tó jù ú gba ojú fèrèsé, tó fi lọ balẹ̀ sórí òrùlé ilé ìtẹ̀wé. Àwọn panápaná ló fi àkàbà gbé e sọ̀kalẹ̀. Gbogbo àdúgbò ti ń yà fún mi lójú ọ̀nà.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ilé ìwé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, oúnjẹ wọn ńkọ́? Ẹni tó ń hanrun lórí bẹ́ẹ̀dì òkè rẹ, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn? Mo rí mọ́mì rẹ láàárọ̀ yìí, ara wọn le, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì le ju ara wọn lọ, màá ṣàlàyé. Àbúrò mi kékeré ní kí n kí ọ, ó ń béèrè bóyá o ti sanra díẹ̀.

Àmọ́ inú ń bí mi, ọ̀rẹ́ mi. Inú ń bí mi débi pé tí wọ́n bá gbé ìkòkò omi lé mi lórí, yóò hó.

O rántí Sátidé tó ṣáájú kí o tó padà sílé ìwé, nígbà tí a gba ohùn mọ́mì mi sílẹ̀ ní pálọ̀ wa. Dókítà ti sọ fún wọn pé tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀fun wọn tán, ohùn wọn lè yí padà, ó sì lè má padà wá rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ka ìtàn, tí wọ́n sì kọrin sílẹ̀ fún àbúrò mi, torí ọmọ yẹn kì í sùn láìgbọ́ ohùn wọn. Kámẹ́rà kan wà níwájú wọn, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré wà lọ́rùn aṣọ wọn; ìwọ náà dúró sídìí ìlẹ̀kùn, ò ń fi fóònù rẹ ya tìrẹ. Èmi ni mo dúró níwájú gbogbo ẹ̀rọ, tí mo pàtẹ́wọ́ kan gbàá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo tún pa òmíràn nígbà tí wọ́n parí. Ibi tí ọwọ́ bá ti pàdé nínú àwòrán, ibẹ̀ náà ni "gbàá" gbọ́dọ̀ ti dún nínú ohùn. Ìyẹn la fẹ́ fi so wọ́n pọ̀. Ọmọ ọdún méjì á mọ ìyẹn.

Ṣé o mọ ohun tí Mọ̀ọ́tán ṣe? (Mi ò pè é ní "wọn" mọ́ o. Ó ti di "ó" lọ́wọ́ mi títí ọ̀rọ̀ yìí á fi yanjú.) Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ní òun ń tún fídíò ṣe. Ó gé àtẹ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ó gé ti ìparí, ó ní ariwo lásán ni. Ó pa ohùn inú kámẹ́rà méjèèjì rẹ́, ó ní fáànù ń pariwo níbẹ̀. Ó wá kó èyí tó gé lé èyí tí kò gé lórí, ó ní kọ̀ǹpútà òun ti kún. Kí ló kún un? Fọ́tò ojú ara rẹ̀ ni! Nígbà tí mo figbe ta, ó ní, "Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún jàre. Mo ti ṣe aago gbogbo wọn bákan náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí la tún ń pàtẹ́wọ́ fún? Ṣé ẹyẹ là ń lé ni?"

Aago kẹ̀! Ṣebí èmi àti ìwọ la máa ń jọ jáde nílé lọ́jọ́sí. Kí n tó dé géètì, ìwọ ti dúró níbẹ̀ tí ò ń bú mi. Bí àwọn ẹ̀rọ náà ṣe rí nìyẹn: ọ̀kan ń sáré díẹ̀, èkejì ń wọ́ ẹsẹ̀. A wo ètè mọ́mì, a fi so orin àkọ́kọ́ pọ̀, ó bá ara mu. Kí ìtàn tó dé àárín, ẹnu ti fi ohùn sílẹ̀ lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé ó fi í han mọ́mì láìdúró dè mí. Mo bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń wo ara wọn nínú fídíò. Ẹnu wọn pa dé, ohùn wọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹnu wọn tún là, nǹkan kan ò jáde. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọwọ́ kan ọ̀fun wọn, wọ́n ní, "Ṣé bí mo ṣe máa rí nìyẹn?" Wọ́n ní ká pa á rẹ́, wọ́n bá lọ ká aṣọ tó ti gbẹ.

Mi ò pa nǹkan kan rẹ́ o. Fóònù rẹ nìkan ló kù tó ní ẹnu àti ohùn pọ̀, láti àtẹ́wọ́ dé àtẹ́wọ́. Ohùn ibẹ̀ á bá mi wá ibi tí ẹ̀rọ ọrùn aṣọ dé, àwòrán ibẹ̀ á bá mi wá ibi tí kámẹ́rà dé. Mo sáré lọ bá mọ́mì rẹ tí o fi fóònù náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀: "Ìwọ Ẹnu-ò-sinmi yìí? Ìwọ tó sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kìnnìún sùn sórí àtẹ̀gùn yín? Ọmọ mi ní kí n má fún ẹnì kankan. Àfi kí n rí ìwé tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ." Wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn. Ilé ìwé tìrẹ náà kì í sì í jẹ́ kẹ́ ẹ gba ìpè, àfi tí ilé bá ń jó!

Ọjọ́bọ̀ ni mọ́mì máa wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ara wọn dáadáa kí wọ́n tó lọ. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé yín ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀, ó sì máa dúró gba èsì. Ya bébà kan, kọ ọ́ pé kí mọ́mì rẹ gbé fóònù fún mi, kí o sì kọ nọ́ńbà tó ń ṣí i. Má kọ ìkíni kankan. Tí o bá ti pa fídíò náà rẹ́ torí géèmù, sọ fún mi, má tàn mí.

Bá mi kí àwọn ará yàrá rẹ, àti ẹni tó ń hanrun náà.

Kí ìwọ náà má baà ṣe bíi mọ́mì rẹ, jẹ́ kí n ya irọ́ sọ́tọ̀. Mi ò ju ẹnikẹ́ni gba fèrèsé. Panápaná kankan ò wá, ẹnì kankan ò sì yà fún mi lójú ọ̀nà. Mọ̀ọ́tán kàn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ń jẹ èékánná. Èmi ni mo ti ara mi mọ́ ilé ìwẹ̀, tí mo ṣí omi kí wọ́n má gbọ́ ẹkún mi. Gbogbo ìyókù, títí dórí ọ̀rọ̀ tí mọ́mì sọ, òótọ́ ni.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tó dúró de bébà yẹn,
Ẹnu-ò-sinmi