Páàdì Ghaith Tó Ń Dá Rìn

Òpópónà Yunifásítì,
Irbid.

Sawsan, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Amman? Ṣé ọrùn ọwọ́ tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ. Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Mo mọ̀ pé o kì í gbé fóònù lọ́sẹ̀ ìdíje, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé.

O ní kí n gba páàdì géèmù Ghaith, ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣaláìsí, lọ́wọ́ màmá rẹ, kí n tún un ṣe fún ìdíje rẹ, torí pé ó ń fà sí òsì. Mi ò tún un ṣe. Má bínú, gbọ́ tẹnu mi ná.

Màmá fúnra wọn ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù. O mọ àṣà àwa tó ń tún páàdì ṣe: kó tó fìdí kan tábìlì, a ti fín oògùn ìfọ̀ sí ìdí ọ̀pá tí àtàǹpàkò ń tì. Ọwọ́ mi ti débẹ̀ nígbà tí Màmá gbá a dànù. “Ìwọ ọmọ yìí, ta ló rán ọ níṣẹ́ ìwẹ̀? Wọ́n ti wẹ ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó sin ín. Ó tó!”

Wọ́n so páàdì náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n mi, wọ́n gbé e kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, àmọ́ agbábọ́ọ̀lù inú géèmù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí òsì, jẹ́jẹ́. Mo ṣàlàyé pé inú ọ̀pá náà ló ti jẹ. “Ṣé òpònú ni mí ni, Nihad? Àtàǹpàkò ta ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀?” Wọ́n ní ojoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Alásárì ni àwọn ń tàn án nílé, tí àwọn ń bu tíì fún un, tí àwọn sì ń kí i. Ẹ̀rù bà mí, Sawsan. Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù yẹn dé etí pápá, èmi náà ṣèèṣì sọ pé, “Ghaith, rọra.”

Mi ò lè purọ́ fún wọn. Mo sọ pé bó ṣe ń jẹ sí i, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní rìn mọ́. Wọ́n ní, “Wọ́n sin ín kí Sawsan tó dé láti Amman. Tó bá tún fẹ́ lọ, kí Sawsan wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò lè dá a gbé lẹ́ẹ̀kejì.” Wọ́n sì gbé páàdì náà padà sílé.

Nítorí náà, mo ṣe páàdì mìíràn fún ọ. Ọ̀pá rẹ̀ ga bíi ti Ghaith, mo gé ìrìn bọ́tìnnì iwájú kúrú kó lè yá láti tẹ̀, mo sì fi bọ́tìnnì méjì sẹ́yìn fún ìka òrùka rẹ. Òòfà ló ń darí ọ̀pá rẹ̀, nǹkan kan ò ha ara wọn níbẹ̀, kò ní jẹ bọ̀rọ̀. Alágídí, má sọ pé kò bá ọwọ́ rẹ mu o! Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wá sílé ná.

Kí Ọlọ́run forí ji Ghaith, kó dá Màmá sí, kó sì fi ìṣẹ́gun sí ọ lọ́wọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ti di ọmọ ìyá,
Nihad.

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni Màmá pè láti ilé. Agbábọ́ọ̀lù Ghaith ti dúró láàárín pápá, kò lọ sí òsì mọ́. Awakọ̀ tó gbé páàdì yìí fún ọ ń padà sí Irbid lọ́sàn-án yìí, bá a wá. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa tẹlifíṣọ̀n ilé. Wọ́n ní ìwọ ló ń dúró dè.